Má sọ táyà tubular yẹn nù: bí a ṣe ń tú u, bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ padà

Ìbéèrè tó wọlé láti Ìbàdàn nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, táyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ti ẹ̀yìn ń jò. Tí mo bá fẹ́ ẹ tán, kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń rọ̀. Fọganáísà àdúgbò wa ki irin bọ̀ ọ́, ó wá túùbù títí kò rí i. Gbogbo táyà ló yọ kúrò lórí rímù bí ejò, a wá rí i pé wọ́n rán an pa. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ nù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi super glue lẹ̀ ẹ́ padà, ẹlòmíràn ní gọ́ọ̀mù aránbàtà ló dára. Ṣé ó ṣeé tún ṣe? Gọ́ọ̀mù wo ni kí n lò?"

Àbúrò mi, má sọ ọ́ nù. Táyà yẹn ṣeé tún ṣe, ọwọ́ ara rẹ lo sì máa fi tún un ṣe tí o bá fara balẹ̀. Má dá fọganáísà yẹn lẹ́bi, irú táyà yìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ super glue yẹn ló kọ mí lóminú, òun ni mo sì fi tètè jókòó dá ọ lóhùn.

Orúkọ táyà náà ni tubular. Táyà tí a mọ̀ lára ọ̀kadà àti mọ́tò ní ètè méjì tó fi ń há mọ́ rímù, a sì lè ṣí ètè yẹn nígbàkígbà. Tubular kò ní ètè. Aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà pa ni wọ́n ká yí túùbù po, wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pọ̀ ní ìdí, wọ́n wá fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ojú rírán náà. Àwọn Faransé ń pè é ní boyau, ìyẹn ìfun, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pè é ní sew-up. Rímù rẹ̀ náà kò ní etí tí táyà lè há mọ́. Ó kàn jin díẹ̀ láàárín bí àwo pẹrẹsẹ ni. Gọ́ọ̀mù àti agbára afẹ́fẹ́ nìkan ló so táyà àti rímù pọ̀.

Torí náà, òwú tí wàá fi rán an lè jẹ́ òwúkówùú tó bá lágbára. Abẹ́rẹ́ lè jẹ́ ti aránbàtà. Àlẹ̀mọ́ lè jẹ́ èyí tí o gé fúnra rẹ. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò ti ní gbà kí o fi nǹkan mìíràn dípò: ohun tó wà láàárín táyà àti rímù.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2003, nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, Joseba Beloki ará Sípéènì ló wà ní ipò kejì. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni Lance Armstrong fi ṣíwájú rẹ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà débi pé ọ̀dà títì ń yọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè La Rochette lọ sí ìlú Gap, Beloki fún bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀, táyà bọ́ kúrò lórí rímù, títì sì gbà á. Egungun itan rẹ̀ kán, ìgúnpá kán, ọrùn ọwọ́ kán. Armstrong tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti ya wọ inú pápá kó má baà gùn ún mọ́lẹ̀. Táyà ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìyẹn o, tí mẹ́káníìkì ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Beloki kò tún dé irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú Tour.

Super glue máa ń gan bí gíláàsì tó bá gbẹ. Táyà ní tirẹ̀ kò dúró sójú kan: ó ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá yí. Ohun tó le bí gíláàsì á sán lábẹ́ rẹ̀, o ò sì ní mọ̀ títí wàá fi dé kọ́nà. Gọ́ọ̀mù aránbàtà sàn jù ú lọ, a ó sì lò ó níbì kan nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí rímù. Ojú ẹsẹ̀ ló ń gbá nǹkan mú, kò ní fún ọ láyè láti tún táyà tò kó tọ́, tó bá sì ti gbẹ tán, kì í fà mọ́. Gọ́ọ̀mù rímù gan-an kì í gbẹ tán pátápátá. Àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ ni kí o fi wé e: ó rọ̀, ó ń fà, bí ẹyẹ bá sì ṣe ń jà tó ni ó ń mọ́ ọn lára tó.

Mastik'One ti Vittoria ni mo máa ń lò jù, ti Continental náà dára. Ọ̀pá kékeré 30 g kan á tó ẹsẹ̀ kan. Má ní kí ẹnikẹ́ni fi sínú báàgì ọkọ̀ òfúrufú bọ̀ wá fún ọ, torí ó ń gbiná, wọn ò sì gbà á. Bí o kò bá rí i rà nílé, ní kí ẹni tó ń bọ̀ bá ọ mú téèpù tubular dání, irú ti Tufo, Miyata tàbí Carogna. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń lẹ̀, kò sí omi nínú rẹ̀, kò sì nílò ọjọ́ mẹ́ta kí o tó gun kẹ̀kẹ́. Èmi fẹ́ràn gọ́ọ̀mù jù, torí ìyà ni láti ha téèpù tó ti gbó kúrò lórí rímù, ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, téèpù bọ́gbọ́n mu.

Ó yá, ká wá ihò. Fáàfù kẹ̀kẹ́ rẹ tín-ín-rín, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí a ń tú kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ẹ̀rọ fọganáísà kò ní bá a mu, àfi kí o ra irin kékeré tí wọ́n ń dé e lórí láti sọ ọ́ di irú ti ọ̀kadà. Inú fáàfù míì tún ṣeé tú. Tí kò bá fún dáadáa, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Fi itọ́ sí i, wò ó bóyá ó ń hó. Mọ̀ pẹ̀lú pé latex, ìyẹn rọ́bà fẹ́lẹ́ bíi ti bàlúù, ni túùbù inú ọ̀pọ̀ tubular tó dára, latex sì máa ń rọ̀ láàárín ọjọ́ kan láìní ihò kankan. Tìrẹ tó ń rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí kì í bá ṣe fáàfù, ihò ni.

Fẹ́ táyà náà díẹ̀ kó kàn kún. Má fẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí kò sí lórí rímù, torí á lọ́ bí okùn, ojú rírán rẹ̀ á sì fà. Tì í bọ omi díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: afẹ́fẹ́ tó jáde lára túùbù lè rìn lábẹ́ aṣọ kó lọ yọ lẹ́bàá fáàfù, níbi tó jìnnà sí ihò. Tó bá jẹ́ ìdí fáàfù nìkan ló ń hó, má tú ibẹ̀. Gbé táyà sínú ìmọ́lẹ̀, ṣí ojú rọ́bà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì, wá àfọ́kù ìgò, ẹ̀gún, wáyà tín-ín-rín. Ibi tí o bá ti rí ọgbẹ́ ni ihò wà.

Yí ìdí táyà sókè níbi ọgbẹ́ náà. Fi ohun tí kò mú, bí ìdí síbí, ṣí ọ̀já kúrò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ọgbẹ́ wà láàárín. Rọra ká a sẹ́yìn, má gé e. Ojú rírán á hàn. Kí o tó fọwọ́ kan òwú kankan, fi báírò fa ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún dábùú ojú rírán náà. Tí o bá ń rán an padà, ìlà ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ìlà òsì pàdé. Mo ti rí táyà tí ẹni tó rán an kò fa ìlà. Ojú rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń mi bí o bá ń gun ún.

Wá fi bíléèdì tuntun gé òwú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu bíléèdì kọjú sókè, kó má kọjú sí túùbù. Fà gbogbo òwú gígé jáde. Tí o bá ya ẹnu aṣọ náà, wàá rí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n tẹ́ bo túùbù. Tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, fa túùbù jáde bí ẹni ń fa ìfun ẹran. Tóo bá rí i, ẹnu á yà ọ́ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí fọganáísà gbé e sórí iná. Lílẹ̀ tí wọ́n ń fi irin gbígbóná ṣe fún túùbù mọ́tò á jó o tán. Àlẹ̀mọ́ wọn tó nípọn náà kò dára, á di kókó tí wàá máa mọ̀ ní ìdí rẹ ní gbogbo yíyí kẹ̀kẹ́.

Tó bá jẹ́ túùbù dúdú lásán, fi sáńpépà rọra ha ojú ibẹ̀. Tó bá jẹ́ latex, nù ún nìkan, má ha á. Gé àlẹ̀mọ́ rẹ̀ lára latex mìíràn. Kun sọlúṣọ̀n fẹ́lẹ́, kó fẹ̀ ju àlẹ̀mọ́ lọ. Dúró títí dídán rẹ̀ á fi lọ, bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o tó tẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Fi páúdà ọmọdé pa ibẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Kí túùbù tó wọlé, ti ìka rẹ bọ inú aṣọ, fọwọ́ pá a jẹ́jẹ́. Ohun tó gún un lè ṣì wà níbẹ̀. Bí òwú inú aṣọ bá ti já, fi aṣọ líle kékeré kan, pàápàá èyí tí o gé lára tubular tó ti kú, lẹ ibẹ̀ nínú, kí o jẹ́ kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ náà bá gùn ní ẹ̀gbẹ́ táyà, tàbí tí táyà wú níbì kan bí ẹni tí oyin ta, iṣẹ́ ti tán lórí ìyẹn. Èyí ló yẹ kí o sọ nù.

Rírán ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Òwú ọ̀rá tí aránbàtà ń fi ìda pa dára, okùn ìpẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun náà dára. Bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan ṣáájú ibi tí o tú, lórí òwú àtijọ́ tó ṣì wà, kí o sì parí sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́yìn rẹ̀. Inú ihò àtijọ́ ni kí abẹ́rẹ́ gbà. Tí o bá lu ihò tuntun, òwú inú aṣọ lò ń gé, ibẹ̀ ló sì ti máa ya lọ́jọ́ kan. Ki páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ ẹnu aṣọ kí abẹ́rẹ́ má baà kan túùbù, kí o máa fà á síwájú bí o ṣe ń rán an lọ. Fún òwú kí ètè aṣọ méjèèjì kàn fẹnu kora. Bí o bá fún un jù, á ṣùjọ bí ẹnu àpò gààrí. Wo àwọn ìlà báírò rẹ: bí wọ́n bá tọ́, o ti rán an dáadáa.

Fẹ́ ẹ díẹ̀, wò ó bóyá ó tọ́. Ìgbà yìí wá ni gọ́ọ̀mù aránbàtà wúlò: kùn ún fẹ́lẹ́ sí ojú rírán àti sí ọ̀já, jẹ́ kí méjèèjì gbẹ fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí o tẹ̀ wọ́n pọ̀, kó sì sùn bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ó ku rímù. Wo gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀. Bó bá ṣì tẹ́ fẹ́lẹ́, tó ń fa ìka rẹ díẹ̀, fi í sílẹ̀, ìpìlẹ̀ tó dára nìyẹn. Bó bá ti gbẹ, tó ń ṣí bí èépá, ha á kúrò, kí o fi asitóònù tàbí sípíríìtì nu rímù náà, níta gbangba, níbi tí kò sí iná. Aluminium ni mo ń sọ o. Bó bá jẹ́ rímù carbon, má fi asitóònù kàn án, sípíríìtì ti tó.

Fi táyà sórí rímù láìkun gọ́ọ̀mù, fẹ́ ẹ dé 100 psi, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan kó lè nà. Yọ ọ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ sórí rímù yíká, kó dé etí méjèèjì, kí o sì kun ọ̀já táyà náà. Jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24. Tún wọn kùn, jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24 mìíràn. Lọ́jọ́ kẹta, kun rímù nìkan lẹ́ẹ̀kan sí i, fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá fi táyà sí i.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ń dun èèyàn. Ìdúró yìí gan-an ló bí táyà tí ètè rẹ̀ ń ṣí. Ní 1889, ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ tó jò wá sí ilé iṣẹ́ Michelin ní Clermont-Ferrand. Wọ́n lẹ táyà rẹ̀ mọ́ rímù ni. Ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta láti tún un ṣe, gọ́ọ̀mù sì ní láti gbẹ mọ́jú. Nígbà tí Édouard Michelin gun ún lọ́jọ́ kejì, kò jìnnà tó fi tún jò. Ó ní ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe kí táyà máa ṣí láìlo gọ́ọ̀mù. Ní 1891, Charles Terront fi táyà Michelin tó ń ṣí yẹn gba ipò kìíní láti Paris lọ sí Brest àti padà, ọ̀nà tó tó nǹkan bíi kìlómítà 1,200. Síbẹ̀ àwọn tó ń sáré ìje kò fi tubular sílẹ̀, torí ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lára títì. Àìpẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí táyà tí kò ní túùbù.

Láti fi í sórí rímù, gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán lórí aṣọ mímọ́, kí ihò fáàfù wà lókè. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí ni kó wà nínú táyà. Ki fáàfù bọ ihò rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú lápá ọ̀tún àti òsì, kí o máa fi agbára nà án sísàlẹ̀ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí rímù. Gbogbo ìwọ̀n ara rẹ ni kí o fi sí i. Bó bá ku bí ìbú ọwọ́ méjì, gbé e sí àyà, fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í gorí rímù. Yí ẹsẹ̀ náà, wo ọ̀já ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ hàn bákan náà yíká. Níbi tó bá wọ́, gbé e díẹ̀, tún un tò. Gọ́ọ̀mù rímù á gbà fún ọ. Fẹ́ ẹ dé 100 sí 110 psi, yí i lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ lórí rẹ̀, kí o gbé e kọ́ di ọjọ́ kejì.

Kí o tó gùn ún, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán. Fi àtàǹpàkò ti ẹ̀gbẹ́ táyà káàkiri, pẹ̀lú agbára. Kò gbọ́dọ̀ ṣí níbì kankan. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, fún àwọn tó ń sáré ní pápá Herne Hill, níbi tí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ Òlíńpíìkì 1948. Ọmọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wá bá mi níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù kan ti lẹ̀ fún un. Àtàǹpàkò kan ni mo fi tì í, ó sì ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ọ̀já ìdí rẹ̀ funfun gbòò. Rímù nìkan ni wọ́n kùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ fi sáré. Táyà tó lẹ̀ dáadáa, tí o bá ń fà á kúrò, á máa dún fàà bí ìgbà tí aláṣọ bá ń ya ánkárá, òwú ọ̀já á sì kù sórí rímù.

Bí o bá rí i pé iṣẹ́ yìí kò bá ìgbé ayé rẹ mu, pa rímù dà sí èyí tó ń lo táyà ẹlétè, kí nọ́ńbà 622, ìyẹn ìwọ̀n rímù ní mìlímítà, wà lára táyà tí o máa rà. Bíréèkì rẹ kò ní nílò àtúnṣe púpọ̀. Má ra táyà 28 ti Raleigh àtijọ́, 635 ni tirẹ̀, kò ní wọlé. Kò sí ìtìjú nínú pípa rímù dà.

Bí o bá sì ń bá tubular lọ, má gbé kẹ̀kẹ́ sínú oòrùn ọ̀sán tàbí sínú búùtù mọ́tò, gọ́ọ̀mù á rọ̀. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, má di bíréèkì mú títí. Fún un, tú u, fún un, tú u, kí rímù má baà gbóná jù. Kí o sì máa mú tubular kejì dání, èyí tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sórí ọ̀já rẹ̀, kí o ká a sábẹ́ ìjókòó. Bó bá jò lọ́nà, fa ti àtijọ́ kúrò, na èyí sórí rímù, fẹ́ ẹ. Gọ́ọ̀mù tó kù níbẹ̀ á dì í mú débi tí wàá fi délé, ṣùgbọ́n rọra máa gùn ún, má sì fi eré gba kọ́nà kankan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, yọ ọ́, kí o sì bẹ̀rẹ̀ kíkùn rẹ̀ bó ṣe yẹ.